Òtílí Rí Alágbàtọ́

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí ọmọ tó tọ́ oyin wò, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú irúgbìn tí òun yóò jẹ́ alágbàtọ́ fún. Fẹ̀hìntọ́lá ń ki ọwọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ bọ igbá kan tẹ̀ lé òmíràn, igbá kọ̀ọ̀kan sì ń ki oríkì irúgbìn inú rẹ̀. Igbá òtílí nìkan ló dákẹ́. Alágbàtọ́ rẹ̀ ti kú, wọn kì í sì í gbin irúgbìn tí kò ní alágbàtọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ ti di ọwọ́ pinpin. Ni igbá bá bú sí oríkì, Fẹ̀hìntọ́lá bú sí ijó.

“Háà, Màámi, òtílí!” ni bàbá ọmọ ké. “Òtílí tí kì í jinná bọ̀rọ̀!”

“Tètè gbé e kaná,” ni Fẹ̀hìntọ́lá dá a lóhùn. “Kí ọmọ tó hu eyín, á ti jinná.”