Ṣíbí Dábùú Ẹnu Ife

Nígbà tí Mukhtar ti ilẹ̀ Tọ́kì dé sí Òṣogbo lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, kó tó tú aṣọ kankan jáde nínú báàgì rẹ̀, ife tíì ló kọ́kọ́ tú, ife dígí kéékèèké tó fi aṣọ ìnura wé láti Istanbul, pẹ̀lú kẹ́tùlù méjì tí ọ̀kan ń gun èkejì lórí. Àpìkẹ́, ìyá rẹ̀, tó ti ń ta abọ́ àti kọ́ọ̀bù ní Ọjà Ọba kí wọ́n tó bí Mukhtar rárá, mú ọ̀kan nínú àwọn ife náà, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn. Ó ní ṣé èyí tí wọ́n fi ń rọ ọmọ lóògùn nìyí.

Lẹ́yìn ìrun Aláásárì, Mukhtar gbé àga méjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì se tíì náà bí wọ́n ṣe ń sè é lọ́hùn-ún: ewé nínú kẹ́tùlù òkè, omi gbígbóná nínú ti ìsàlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní mílíìkì dà, búrẹ́dì ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé fún un pé tíì kì í ṣe oúnjẹ àárọ̀ níbẹ̀, wọ́n fi ń bá ara wọn jókòó ni. Bí ife àlejò bá ti gbẹ, onílé á tún rọ òmíràn sí i, kò ní béèrè. Àlejò tó bá fẹ́ kó tó, ṣe ló máa gbé ṣíbí dábùú ẹnu ife.

"Bí n kò bá wá gbé e ńkọ́?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Ẹ ó máa mu ún lọ ni, Màámi. Èmi náà ò sì gbọdọ̀ dìde."

Àpìkẹ́ wo ṣíbí náà. Ó yọ ọ́ kúrò nínú àwo, ó tì í bọ abẹ́ itan rẹ̀.

Bó ṣe di àṣà wọn nìyẹn. Mukhtar ń rọ, ìyá rẹ̀ ń mu, Mukhtar sì ń sọ fún un nípa ilé ìránṣọ tó ti ń rán jákẹ́ẹ̀tì awọ, àti yàrá tó tutù dé egungun. Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì pé nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, orí fóònù ló ti wo bí wọ́n ṣe ń sin ín. Ó ti pinnu pé ti ìyá òun kò ní rí bẹ́ẹ̀. Kí òun tó padà, òun á jókòó tì í títí á fi tẹ́ òun lọ́rùn.

Inú rẹ̀ dùn pé ìyá rẹ̀ kò kọ ife kankan, nítorí ó ti ṣàkíyèsí pé agbára káká ló fi ń mumi nínú ilé. Odidi ìyá tó ń ta kọ́ọ̀bù, kọ́ọ̀bù rọ́bà pupa kan báyìí, irú tàwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ló ń lò. Fáìzàh, àbúrò Mukhtar, á bu omi kún un láàárọ̀, ìyá wọn á sì máa tọ́ ọ lá títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mukhtar ní àṣà wa náà nìyẹn: a ń mumi kí oúnjẹ lè lọ ni, a kì í tìtorí mímu jókòó. Ó fi Fáìzàh ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ń ṣahun omi, nígbà tí kànga ẹ̀rọ wà lẹ́yìnkùlé. Fáìzàh kò rẹ́rìn-ín.

Fáìzàh kò fẹ́ràn tíì náà rárá. Lọ́jọ́ kan ó ní gáàsì ti fẹ́ tán, ó gbé kẹ́tùlù kúrò lórí iná. Lọ́jọ́ mìíràn ó wá dúró níwájú wọn.

"Màámi, ó ti tó."

"Fáìzàh, wọlé," ni ìyá wọn wí, láìgbé ojú sókè.

Mukhtar rò pé owú ló ń jẹ ẹ́. Ó dùn ún, nítorí kì í ṣe Fáìzàh nìkan ni ìyá wọn bí, òun nìkan ló sì ti ní in láti ọdún mẹ́sàn-án yìí wá.

Àwọn ará ilé ní dídé Mukhtar bá Àpìkẹ́ lára mu. Ojú rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ kò yí mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì wọ bàtà. Ìrọ̀rí ló ń tò jọ tó ń fẹ̀yìn tì sùn, ó ní ooru ni.

Nígbà tó ku ọ̀la tí Mukhtar máa padà, wọ́n jókòó pẹ́. Ìyá rẹ̀ ń dánu dúró láàárín ọ̀rọ̀ kó lè mí.

"Màámi, ẹ ò tíì gbé ṣíbí yín."

"Ṣé o ti fẹ́ dìde ni?"

Ó ní rárá.

"Rọ òmíràn sí i, ọmọ mi."

Ó rọ ọ́. Ìyá rẹ̀ mu ún tán.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ̀mí rẹ̀ kò débẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n sin ín, Mukhtar fúnra rẹ̀ ló bọ́ sínú sàréè gbà á. Ó sunkún bí ọmọdé. Síbẹ̀, gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń sọ fún pé ohun kan ń tu òun nínú: òun bá ìyá òun jókòó, ó sì mu tẹ́rùn lọ́wọ́ òun.

Nígbà tí èrò lọ tán, Fáìzàh jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi kọ́ọ̀bù pupa náà lé e lọ́wọ́.

"Màámi mú mi búra pé mi ò ní sọ fún yín, wọ́n ní bẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ ó kó kẹ́tùlù yín nílẹ̀," ló wí. "Láti ọdún tó kọjá ni dókítà ti kìlọ̀ pé nítorí àìsàn ọkàn wọn, gbogbo ohun tí Màámi bá máa mu lójúmọ́, ì báà jẹ́ omi, ì báà jẹ́ tíì, kò gbọdọ̀ ju kọ́ọ̀bù yìí lọ."