Sadín Inú Kùárì

Sasidharan tún ti pẹja dé láti adágún kùárì àtijọ́, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tẹ́lẹ̀ tí wọ́n sọ di ibi ìgbafẹ́.

Sadín ló tún gbé wálé.

Ramani ìyàwó ẹ̀ káwọ́ gbera.

"Bàbá Anju, sadín fi òkun sílẹ̀, ó wá ń gbafẹ́ ní kùárì, àbí? Obìnrin wo ló ń ra ẹja fún yín?"

"Kò sóbìnrin kankan. Èmi ni mo rà á lọ́jà."

"Èyí tẹ́ ẹ pa ńkọ́?"

"Mo tà á."

"Kí ló dé táwa ò lè jẹ ẹ́?"

Ó ń wolẹ̀.

"Kí omi tó kún kùárì yẹn, èmi ni mo máa ń da kẹ́míkà olóró síbẹ̀. Mi ò lè fi ẹja ibẹ̀ fún Anju jẹ láé."

"Ta lẹ wá ń tà á fún?"

"Kunjamma olóńjẹ."

Ramani figbe ta.

"Kunjamma ló ń se oúnjẹ ọ̀sán iléèwé Anju!"