Ọkọ̀ Ló Ni Àgbàdo

Ní kùtùkùtù, Oyèdìran bu eèrí àgbàdo fún àwọn adìyẹ tó ń sìn tà. Ilé iṣẹ́ epo ló fi eèrí náà ránṣẹ́, nígbà tí wọ́n ti fún epo ọkọ̀ tán lára àgbàdo. Òfin ìlú ò ṣòro rárá: ọkọ̀ ló ni àgbàdo, adìyẹ ló ni eèrí, ènìyàn ló ni sùúrù.

Alábẹ̀wò ìjọba dé, ó gbé adìyẹ kan sórí òṣùwọ̀n, ó sì wo ikùn Oyèdìran.

"Bàbá, adìyẹ yín ń rù, ẹ̀yin ń sanra."

"Ìrònú wọn ló wú mi níkùn, ọ̀gá."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni Ṣẹ̀gilọlá, ìyàwó rẹ̀, ti gbé àkàrà gbígbóná wá fún àlejò. Ó parí! Ta ló ń dín àkàrà nílé tí kò sí ẹ̀kọ? Alábẹ̀wò wọ ilé ìdáná tààrà, ó gbé ìkòkò ẹ̀kọ tí wọ́n fi eèrí adìyẹ sè jáde, ó gbé e sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ṣíná.

Èéfín ọkọ̀ náà ń ta sánsán bí ògì tó kan dáadáa. Oyèdìran mú àkàrà méjì, ó sáré tẹ̀ lé èéfín náà, ó ń fi òórùn rẹ̀ jẹ àkàrà.

"Ṣẹ̀gilọlá, tètè máa bọ̀, kí ẹ̀kọ yìí tó lọ!"