Bàtà Tí Kò Jẹ́ Fà Wò

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ má kà á dé àárín kẹ́ ẹ wá ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, àṣé mi ò mọ nǹkan kan.

1.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọkàn-Mi. Òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa orúkọ yẹn. Ó kọ́ iṣẹ́ onígbàjámọ̀, ó ní ọkàn òun ò sí níbẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ó ní ọkàn òun ò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe búrẹ́dì, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, bi í pé níbo gan-an ni ọkàn ọ̀hún wà, kí àwọn lè jọ lọ bá a níbẹ̀.

Ọkàn-Mi ní inú bàtà ló wà. Kò sì parọ́. Láti kékeré ló ti ń ya àwòrán bàtà sẹ́yìn ìwé. Ẹsẹ̀ òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrú ju ọ̀tún lọ, àìsàn ìgbà èwe ló fà á, ó sì ń tiro. Ọkàn-Mi máa ń ṣèlérí fún un pé lọ́jọ́ kan, òun á ṣe bàtà tí kò ní jẹ́ kó tiro mọ́.

2.

Ẹ̀gbọ́n mú un lọ bá Bàbá Oníbàtà, àgbàlagbà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju yàrá kan lọ, tí gbogbo ibẹ̀ ń rùn fún awọ àti gúlú. Bàbá yìí ní ìlànà kan. Téèyàn bá ti lẹ àtẹ́lẹ̀ mọ́ bàtà, tó rán an yíká, á gbé e sábẹ́ òkúta di ọjọ́ kejì. Tílẹ̀ bá wá mọ́, á há bàtà náà sáàárín orúnkún, á di àtẹ́lẹ̀ mú, á fà á bí ẹni tó fẹ́ bà á jẹ́. Èyí tó bá ya, wọ́n á tún un ṣe. Èyí tí kò bá ya ló ń dé ọ̀dọ̀ oníbàárà.

Oṣù mẹ́jọ gbáko, àtẹ́lẹ̀ nìkan ni Ọkàn-Mi ń lẹ̀. Lẹ̀ ẹ́, rán an, fà á. Ó ya, tún un ṣe. Ó sú u. Ó ní ẹni tí Ọlọ́run fún lẹ́bùn ò yẹ kó máa jókòó sídìí àtẹ́lẹ̀ bàtà ẹlòmíì. Nígbà tó dágbére, Bàbá ò bínú. Ó kàn sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, pé lọ́jọ́ tó bá fẹ́ padà, kó má tijú.

3.

Ó gba yàrá kékeré kan, ó fi àwòrán bàtà kún ara ògiri. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ dáwọ́ lé. Ẹ̀yin èèyàn mi, bàtà yẹn dára. Awọ pupa fòò, okùn tín-ínrín, àtẹ́lẹ̀ òsì ga ní ìka méjì, ẹ ò sì ní mọ̀ àfi tí wọ́n bá sọ fún yín. Ó gbé e sábẹ́ òkúta. Lọ́jọ́ kejì, ó há a sáàárín orúnkún, ó di àtẹ́lẹ̀ mú, ó wò ó, ó tún fi í sílẹ̀. Ó ní ta ló máa fa nǹkan tó rẹwà báyìí ya? Ló bá nù ún, ó gbé e lọ.

Ẹ̀gbọ́n wọ̀ ọ́, ó dìde, èjìká rẹ̀ méjèèjì sì dọ́gba. Ó rìn lọ rìn bọ̀ nínú pálọ̀, ó ń sunkún ayọ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó ń gbé páànù búrẹ́dì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ rẹ̀, àtẹ́lẹ̀ òsì ya. Ó ṣubú, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tilẹ̀, ọrùn ọwọ́ kán. Dókítà ní kò gbọdọ̀ po ìyẹ̀fun fún oṣù márùn-ún, pé òun ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọwọ́ náà á lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ tó fi tọ́ àbúrò rẹ̀ nìyẹn o.

4.

Nígbà tí Ọkàn-Mi dé ọsibítù, ó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pé ẹsẹ̀ òun ló yẹ̀, pé òun ò wo iwájú dáadáa. Bàtà náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ń fì dirodiro. Obìnrin yìí ò dárúkọ bàtà rárá, kí orúkọ àbúrò òun má bàa bàjẹ́. Ìyẹn dun Ọkàn-Mi ju èébú lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, ó sọ òótọ́ fún gbogbo wọn.

Ẹ̀gbọ́n ní kó dìde. "Àbúrò mi, bàtà ẹ rẹwà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹwà ni mo fi ń rìn."

Ọkàn-Mi mú bàtà náà, ó gba ọ̀dọ̀ Bàbá Oníbàtà lọ. Bàbá yẹ bàtà náà wò tinú tẹ̀yìn, ó ní, "Lẹ́yìn tó o gbé e kúrò lábẹ́ òkúta, kí lo ṣe?"

"Mo wò ó, sà."

"O wò ó." Bàbá mi orí. "Ó dáa, jókòó."

5.

Ọdún méjì ló fi jókòó. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ san, ṣùgbọ́n ojú àpá ò lè jọ ojú ara, kò lè gbé páànù tó wúwo mọ́. Láràárọ̀, Ọkàn-Mi á kọ́kọ́ lọ bá a gbé e, kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Tó bá dé ibẹ̀, ó di lẹ̀ ẹ́, rán an, fà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá pè é kó wá jẹun, kò gbọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín sí bàtà kan tó fà, fà, fà, tí kò ya.

"Ọkàn ẹ dà lónìí?" ni Bàbá bi í.

Ọkàn-Mi wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tó ti le koko. "Bàbá, ó ti dé. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bá mi dúró dè é."

Oṣù yẹn ló ṣe bàtà mìíràn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Dúdú ni, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Ẹ̀gbọ́n gbà á, ó yí i wò, ó sì nà án padà sí i: "Fà á lójú mi." Ọkàn-Mi fà á títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Kò ya. Ẹ̀gbọ́n náà fi ọwọ́ òsì fà á. Kò ya. Ó wọ̀ ọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan náà, èjìká dọ́gba, kò di nǹkan kan mú. Ọkàn-Mi dúró nísàlẹ̀, ó gbé páànù búrẹ́dì lọ́wọ́, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹ̀gbọ́n òun ṣì fẹ́ wọ bàtà ọwọ́ òun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wá iṣẹ́ tí ọkàn yín fẹ́, mi ò ní kẹ́ ẹ má wá a. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: ìfẹ́ tí kò tíì kọ́ṣẹ́, ẹlòmíì ló máa ń bá a ṣubú. Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀gá tó ń sọ pé kẹ́ ẹ tún un ṣe, ẹ pè é lónìí, kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ọkàn lè tanni. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni ni kì í tanni jẹ.