Ta Ló Kọ Ọ̀rọ̀ Lórúkọ Màmá Lágúnjú?

Ẹ̀yin ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ̀yin òbí, ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ wá jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á dé òpin, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fẹ́ràn.

Ìyáàfin Lágúnjú ló ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìrẹmọ, ní Ilé-Ifẹ̀. Màmá ni gbogbo èèyàn ń pè é. Obìnrin náà mọ iṣẹ́, kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Gbogbo tíṣà ló wà lórí áàpù kan tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù. Ibẹ̀ ni Màmá ti ń pàṣẹ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sọ ẹni tí yóò wá mú ọmọ lọ sílé.

Lọ́jọ́ kan, àwọn tó ṣe áàpù náà kéde pé ihò wà lára rẹ̀. Àjèjì lè gba ibẹ̀ wọlé, kó ka ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, kó sì kọ̀wé lórúkọ ẹni tó bá wù ú. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn gba èyí tuntun, tí wọ́n ti dí ihò náà. Ọ̀gbẹ́ni Ògúndèjì, igbákejì Màmá, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì.

"Mà, ẹ jẹ́ ká ṣe é lónìí. Ó kàn máa ní ká tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ká tó wọlé ni."

"Èmi, kí n máa tẹ nọ́ńbà kí n tó bá òṣìṣẹ́ mi sọ̀rọ̀? Mísítà Ògúndèjì, ta ló fẹ́ wá ka ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì nínú fóònù? Ẹ fi mí sílẹ̀ jọ̀ọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Ògúndèjì fi í sílẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan: ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, onílé ló ní kí wọ́n má tì í.

Nǹkan kejì ló wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Tíṣà Dámilọ́lá, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe agùnbánirọ̀ tán, rí àṣẹ kan tí kò yé e. Ó pe Màmá láti bi í bóyá òun ló kọ ọ́. Òun náà ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá ní kó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo tíṣà.

"Àgbà sọ̀rọ̀ tán, o tún ń bi í bóyá òun ló sọ ọ́? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, mà."

Láti ọjọ́ náà, ohun tí Màmá bá ti kọ, ṣíṣe ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n ń pè é ní ọ̀wọ̀. Ìbẹ̀rù ni, ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ rẹ̀.

Ẹnìkan sì ti gba ihò náà wọlé. Ó ń ka ọ̀rọ̀ wọn, kò sọ nǹkan kan. Ó kà nípa Ẹniolúwa, ọmọbìnrin kékeré kan ní kíláàsì Dámilọ́lá. Ó mọ̀ pé yunifásítì ni ìyá rẹ̀, Ayọ̀ọlá, ti ń ṣiṣẹ́, pé ó máa ń pẹ́ kó tó dé, pé wọn ò mọ ẹbí bàbá ọmọ náà níléèwé.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, ọ̀rọ̀ wọlé lórúkọ Màmá, bí Màmá ṣe máa ń kọ ọ́ gan-an: "Dámilọ́lá, àbúrò bàbá Ẹniolúwa ń bọ̀. Jẹ́ kó mú un lọ. Má da ìyá rẹ̀ láàmú, ó wà ní ìpàdé."

Màmá wà lókè nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Àtẹ̀gùn lásán ló wà láàárín wọn. Dámilọ́lá dé ìdí àtẹ̀gùn, ó rántí bó ṣe kúnlẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì padà.

Ọkùnrin kan dé, ó tẹríba. "Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí."

"Àǹtí, mi ò mọ̀ wọ́n," ni Ẹniolúwa sọ.

"Àbúrò dádì ẹ ni. Màmá ló ní kí o bá wọn lọ."

Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó tẹ̀ lé e.

Ìgbà tí Ayọ̀ọlá dé tó ń béèrè ọmọ rẹ̀ ni Màmá tó sọ̀kalẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀.

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Dámilọ́lá, kí ló dé tí o ò pè mí?"

Dámilọ́lá tún kúnlẹ̀ síbi tó wà.

Wọ́n wá ọmọ náà dé Sábó, wọ́n wá a kọjá ìlú. Títí di òní, wọn ò tíì rí Ẹniolúwa. Wọ́n ti ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa, Dámilọ́lá ò sì lè kọ́ ọmọ kankan mọ́. Tí àsìkò àtilọ sílé àwọn ọmọléèwé bá tó, Ayọ̀ọlá ṣì máa ń wá dúró lẹ́nu géètì. Ó dùn mí dé egungun bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀yin ọ̀gá, tí wọ́n bá ní ihò wà lára áàpù iṣẹ́ yín, ẹ dí i lọ́jọ́ náà. Tí àṣẹ bá kan ẹ̀mí èèyàn, ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín, ẹ má sì fi ìyà jẹ ẹni tó bá béèrè. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ béèrè. Ìbínú ọ̀gá á rọlẹ̀ tó bá yá. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀.