Ìsinmi Ọjọ́ Méje ní Clacton

Nínú oṣù Kọkànlá, ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí ìsinmi Adédèjì fún ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà sókè lẹ́ẹ̀mejì ní ilé ìdáná wọn ní Beam Park nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì.

"Ó parí! Lọ́dún yìí, ẹlòmíì ni yóò máa gbé báàgì kiri nínú òtútù."

Iṣẹ́ kíkó ẹrù sínú ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń ṣe. Ọdún kì í dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró. Ìgbà tí aráyé bá ń sinmi gan-an ni ẹrù ń pọ̀. Kérésìmesì mẹ́ta sẹ́yìn ni ó wà nílé fún ọdún kẹ́yìn. Ọdún yẹn náà ni ìka ọwọ́ òsì Ọmọ́ṣọlá, ìyàwó rẹ̀, ṣẹ́. Adédèjì ló gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, òun náà ló sì ṣàlàyé bí ilẹ̀kùn ṣe há a. Láti ìgbà náà, Kérésìmesì, Ọdún Tuntun, Àjíǹde, ọjọ́ ìbí ọmọ, gbogbo rẹ̀ ni rótà, àtòjọ ọjọ́ iṣẹ́ wọn, ń gbé mì.

"Àwa mẹ́ta péré," ni ó wí. "Mo ti gba ilé kékeré kan létí òkun ní Clacton. Ọjọ́ méje gbáko. Kò sí aládùúgbò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé ibẹ̀, kò sì sí àwọn ìyá onísùtánà yín tí yóò máa kan ilẹ̀kùn."

"Ó dáa, Bàbá Ayọ̀mí." Ọ̀fìnkìn ti dá Ọmọ́ṣọlá dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Chloe, ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ló ń bá a di iṣẹ́ rẹ̀ mú lọ́sẹ̀ náà.

"'Ó dáa' nìkan? Ẹni tí ọkọ ẹ̀ fẹ́ gbé lọ ṣe fàájì!"

"Ẹ ṣé, sà."

"Ẹn-ẹ́n. Ṣé o rí i báyìí?"

Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọ wọn, pa ìwé àwòrán rẹ̀ dé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. "Daddy, ṣé gbogbo ọjọ́ méjèèje ni ẹ máa wà níbẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀!"

Ọmọ náà ṣa pẹ́ńsùlù aláwọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpò, ó sì lọ sí yàrá rẹ̀.

Ìròyìn náà dé ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Rippleside kó tó di ọjọ́ Ìsinmi. Bí ìsìn ṣe parí, Màmá Beatrice, tó jẹ́ ìyá ìjọ, di Ọmọ́ṣọlá lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wá bàtà wọn.

"Mo gbọ́ pé ọkọ ẹ máa wà nílé lọ́dún yìí. Wọ́n ní baálé ilé kú, ilé dahoro. Tìẹ ò kú, rótà ló fẹ́ sọ ilé ẹ̀ dahoro!"

Àwọn obìnrin tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Ọmọ́ṣọlá kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi gbàdúrà, kí ọ̀rọ̀ ìsinmi yìí rí bó ṣe yẹ kó rí."

"Á rí bẹ́ẹ̀! Ohun tó ti ń ba ọdún rẹ jẹ́ ò ní í bà á jẹ́ mọ́!"

"Àmín," ni Ọmọ́ṣọlá wí, ó sì tún un wí.

Lọ́jọ́ Ajé, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Inú ilé ló ti ń ṣe é, ní yàrá kékeré tí wọ́n gbé tábìlì àti kọ̀ǹpútà sí. Nọ́ńbà lásán ni ó ń rí lójú ẹ̀rọ náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Adédèjì kò bi í rí pé kí ni ó ń fi àwọn nọ́ńbà náà ṣe. "Iṣẹ́ títẹ-títẹ" ló ń pè é. "Ìwọ tó ò ń jókòó sínú ooru tẹ bọ́tìnnì," ló máa ń wí, "kí lo mọ̀ nípa iṣẹ́?"

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, Adédèjì ń múra ibi iṣẹ́. Ọmọ́ṣọlá mú káàdì pápákọ̀ òfuurufú ọkọ rẹ̀ lórí ìṣó, èyí tó ní àwòrán rẹ̀ àti nọ́ńbà 4471, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Fóònù Adédèjì dún. Ó kà á. Ó tún un kà.

"Wọ́n ti fagi lé e."

"Kí ni, sà?"

"Ìsinmi! Wọ́n ní àṣìṣe ni. Wọ́n ní èèyàn ò tó, kí n wá ṣiṣẹ́ láti ogúnjọ́ oṣù Kejìlá títí wọ Ọdún Tuntun!" Ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ìyàwó rẹ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó wọn já bọ́. "Ẹni tó ń kọ rótà yìí, kí n ṣáà mọ̀ ọ́n! Mo máa ṣẹ́ ọwọ́ tó fi ń kọ ọ́!"

"Ṣebí ẹ̀rọ ló ń ṣe é."

"Ẹ̀rọ wo? Èèyàn ni! Ọ̀tá ilé mi ni! Kí lo mọ̀?"

"N ò mọ nǹkan kan, sà."

"Ojú ẹ ò tiẹ̀ yọ omi."

"Inú ni mo ti ń sunkún."

Ó já káàdì náà gbà, ó sì gbá ilẹ̀kùn dé gbàà bó ṣe ń jáde. Ọmọ́ṣọlá dúró lójú fèrèsé títí ọkọ̀ rẹ̀ fi bọ́ sí títì ńlá, lẹ́yìn náà ni ó tẹ̀ ba, ó ṣa gíláàsì fọ́tò nílẹ̀. Ayọ̀mípọ̀sí jáde láti yàrá, ó da pẹ́ńsùlù rẹ̀ sórí tábìlì ìdáná.

"Mummy, Clacton ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ò jẹ́."

Ọmọ náà mú pẹ́ńsùlù pupa. "Ṣé a lè pe Màmá Beatrice wá jẹun lọ́jọ́ Kérésì?"

"A máa pè wọ́n."

Ọmọ́ṣọlá bu omi mu, ó padà sí yàrá kékeré, ó wá nọ́ńbà 4471 jáde nínú rótà àwọn tó ń kó ẹrù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọjọ́ Àjíǹde tó ń bọ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú ìka mẹ́rin péré ní ọwọ́ òsì, nítorí ìka karùn-ún, èyí tí kì í ṣe ilẹ̀kùn ló ṣẹ́ ẹ, kò lè tẹ nǹkan kan mọ́.