Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ àti Ọmọ tí Kò Ké

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì pàápàá, ẹ má fò ó.

1.
Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà tí àwọn aboyún ń pè ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀. Òun ni ọ̀gá wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí. Bó bá ti fọwọ́ kan ikùn, yóò sọ ibi tí orí ọmọ wà, kì í sì í tàsé. Ìyìn pọ̀ débi pé òun náà gbà pé kò sóhun tó kù láti kọ́.

Ilé ìwòsàn wọn kéde pé wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ọ̀nà tuntun tí à ń gbà ran ọmọ tuntun tí kò mí lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ. Tàbí kẹ́yin fúnra yín lọ."

"Kí n lọ jókòó síwájú àwọn tí mo gbẹ̀bí wọn? Ta ni yóò dúró ti wọ́ọ̀dù? Ṣé a pé níbí ni?"

"Wọ́n ní wọ́ọ̀dù kejì á yá wa lẹ́nì kan, mà."

"Ìwọ ọmọ yìí! Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà mi ni kó o wá kọ́. Jáde!"

Òótọ́ ni pé wọn ò pé. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, àwáwí ni. Ó sì mọ̀.

2.
Ìyàwó télọ̀ kan wá bí àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ jáde, kò ké. Ara rẹ̀ rọ̀ bí aṣọ tútù.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ nígbà èwe rẹ̀: ó gbé ọmọ dorí kodò, ó ń gbá a lẹ́yìn, ó ń gbá a látẹ́lẹsẹ̀. Ike tí à ń fi fẹ́ afẹ́fẹ́ sọ́mọ lẹ́nu wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀rá ara rẹ̀ kò tíì ya. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ gbé e wá.

"Mà, ṣé ká lo eléyìí?"

"Ṣé o mọ̀ ọ́n lò?"

"Rárá, mà."

"Gbé e sílẹ̀!"

Ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, kí ọmọ náà tó ṣe hìn-ín. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún ayọ̀. "Ẹ ṣé, Ìyá! Ẹ gbọ́mọ mi là!"

Gbogbo wọ́ọ̀dù pàtẹ́wọ́.

3.
Ọmọ pọ́dún kan, ọrùn rẹ̀ kò dúró. Kò jókòó, kò rá. Síbẹ̀ ìyá rẹ̀ ń gbé e wá kí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, ó ń dúpẹ́. Ọpẹ́ náà ń ta á bí ata lójú.

Nígbà tó yá, ilé ìwòsàn pàṣẹ pé kò sẹ́ni tí kò ní lọ sí ẹ̀kọ́ náà. Ó lọ, ó jókòó sẹ́yìn. Olùkọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin, gbé ọmọláńgidi rọ́bà sókè.

"Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má dorí ọmọ kodò mọ́. Ẹ nu ún gbẹ, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kíákíá. Bẹ́ ẹ bá ń gbá a, ọpọlọ rẹ̀ ń kú lọ."

Kí oòrùn tó kan àtàrí, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí kò gbà ju òwúrọ̀ kan lọ!

Ó gba ilé télọ̀ lọ tààrà.

"Ìyàwó wa, mi ò gba ọmọ rẹ là. Èmi ni mo fi àìmọ̀ pa ọpọlọ rẹ̀ lára."

Obìnrin náà gbé ọmọ lé èjìká kejì. "Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ nígbà náà?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé wọ́n ní kẹ́ ẹ wá mọ̀?"

Obìnrin náà kò bú u, kò lé e. Ó kàn wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ pọ̀, ọwọ́ ò tó, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àìtó ọwọ́ bo ìgbéraga mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá pè yín sẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ. Bí ọmọ abẹ́ yín bá fẹ́ lọ, ẹ tú u sílẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà. Àgbà tó kọ̀ tí kò béèrè, ọmọ ọlọ́mọ ló ń kó sọnù.